Ìdun, Ibùsùn àti Àlejò: Ìtàn Ìṣọ́ra ní Ìkẹjà àti Agége

Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún lé díẹ̀, ilẹ̀ tó lọ láti Ìkẹjà dé Agége ní Ìpínlẹ̀ Èkó yí padà láti oko obì àti kòkó di ọgbà ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì tún di ẹnu-ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú ń gbà wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí ilé ìtura olówó ńlá àti olówó pọ́ọ́kú fi kún ibẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ìyípadà yìí wá, ìbáà ṣe alágbàṣe oko, oníṣòwò obì láti Òkè Ọya, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ tàbí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, ló ní láti wá ibi tí yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ sí, ibùsùn tí ẹlòmíràn ti lò ṣáájú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń bá. Nínú ibùsùn àjùmọ̀lò bẹ́ẹ̀ ni ìdun, kòkòrò kékeré tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ṣe oúnjẹ, ti ráyè gbé. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ìrìnàjò àti ibùsùn àjùmọ̀lò ló ń gbé ìdun kiri láti ìran dé ìran, pé ìtìjú àti ìbẹ̀rù ìjìyà ló ń fún un láyè láti pọ̀ sí i, àti pé nínú gbogbo ohun tí àwọn ará agbègbè yìí ti dán wò, májèlé ló já wọn kulẹ̀ jù, nígbà tí ojú tó yẹ ibùsùn wò dáadáa àti ooru tó tó ooru ṣì ń ṣiṣẹ́ wọn.

Ìwà àti ibùgbé ìdun

Ìdun kò ní ìyẹ́, ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, èyí tó dàgbà nínú wọn kò sì ju hóró ìrẹsì lọ. Oríṣi méjì ló ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn jù lọ: Cimex lectularius, tó wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, àti Cimex hemipterus, tó wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ olóoru bí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Abo rẹ̀ ń yé ẹyin díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, àpapọ̀ ẹyin tí ó ń yé kí ó tó kú sì lè ju 200 lọ. Ẹyin náà funfun, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mìlímítà 1, ó máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ibi tí abo bá yé e sí, ó sì ń pa láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ọmọ tó bá jáde nínú rẹ̀ ní láti bó awọ lẹ́ẹ̀márùn-ún kí ó tó dàgbà, kò sì lè bó èyíkéyìí nínú wọn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ mu ẹ̀jẹ̀ yó. Bí kò bá rí ẹni mu, ó lè fara da ebi fún oṣù mélòó kan, pàápàá níbi tí ilẹ̀ bá tutù, èyí ló fà á tí yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí fún ìgbà pípẹ́ fi lè ṣì ní ìdun nínú.

Ìdun kì í gbé ara ènìyàn bí iná orí ti ń gbé inú irun. Òru ló ń jáde, ó ń mu ẹ̀jẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ń padà sínú lélà pákó, ìyẹn ibi tí pákó ti là, ojú rírán etí mátíráàsì, ẹ̀yìn pátákó ìgbèrí ibùsùn, ihò ìṣó àti ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù iná mànàmáná. Níbi tí ó bá sá pamọ́ sí ni àmì rẹ̀ máa ń wà: àwọn kíńkín dúdú tó jẹ́ ìgbẹ́ rẹ̀, tó máa ń ràn sára aṣọ bí ìgbà tí tàdáwà bá kán sí i, awọ gbígbẹ tó ti bó sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sára aṣọ ibùsùn níbi tí ẹni tó sùn ti yí mọ́ ọn, àti òórùn kan tó sunmọ́ adùn níbi tí wọ́n bá ti pọ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera kò tíì rí ẹ̀rí tó dájú pé ìdun ń kó àrùn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ara yíyún tó ń fà, àìrórunsùn tó ń mú wá àti ojú tí ó ń ti ẹni tó bá ní in nílé tó láti ba ayé jẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ohun kan tó yẹ kí a fi sọ́kàn nínú ìtàn yìí ni pé ẹ̀jẹ̀ ni ìdun ń wá, kò wá ìdọ̀tí. Ibi tó mọ́ tónítóní lè ní ìdun bí àlejò bá gbé e dé ibẹ̀, ìdọ̀tí àti ẹrù jàgànjàgàn kàn ń fún un ní ibi ìsápamọ́ púpọ̀ sí i ni.

Ẹní, àkéte àti oko obì

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, orí ẹní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn a ká ẹní, wọn a fi ti ògiri, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn a sá a sí oòrùn, wọn a sì gbọ̀n ọ́n kí wọ́n tó tún tẹ́ ẹ. Ìṣe ojoojúmọ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí ìdun fìdí múlẹ̀ nínú ẹní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lélà ògiri amọ̀ àti ìdè àkéte oparun, ìyẹn ibùsùn gíga tí àwọn kan ń lò, lè fún un láàyè. Nígbà tí ibùsùn onípákó dé, tí ó wúwo, tí a kì í gbé síta lójoojúmọ́, ibi ìsápamọ́ di púpọ̀, iṣẹ́ yíyẹ̀ ẹ́ wò sì di ohun tí a ní láti ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún. Àtìgbà náà ni ọgbọ́n mẹ́ta ti wà tí àwọn ìdílé fi ń bá ìdun jà: dída omi híhó sínú lélà pákó, fífi epo òyìnbó, ìyẹn kẹrosíìnì, pa oríkèé ibùsùn, àti gbígbé ohun gbogbo síta sínú oòrùn ọ̀sán.

Ojú irin tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, gba Ìkẹjà àti Agége kọjá, ó sì sọ ilẹ̀ oko ibẹ̀ di ibi tí ọjà lè tètè gbà dé ìlú jíjìn. Àwọn ọmọ Èkó tí òwò etíkun ti ń le mọ́ lọ́wọ́ lọ dá oko ńlá sí àyíká Agége. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú wọn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, aṣáájú nínú Ìjọ African Church, tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Kòkó ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́, lẹ́yìn náà ni obì gbàǹja di ohun ọ̀gbìn tí wọ́n fi mọ Agége. Àwọn alágbàṣe wá láti àwọn ìlú inú ilẹ̀ Yorùbá láti ṣiṣẹ́ oko yìí, ọ̀pọ̀ wọn sì kọ́ iṣẹ́ kòkó níbẹ̀ kí wọ́n tó padà lọ dá oko tiwọn nílé.

Obì náà ló fa àwọn oníṣòwò Haúsá wá sí Agége. Wọ́n ń ra obì, wọ́n ń dì í sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú irin kó o lọ sí Kánò àti àwọn ìlú mìíràn ní Òkè Ọya. Nínú àṣà òwò wọn, oníṣòwò tó wá láti ọ̀nà jíjìn kì í gbé ibi tí ó bá rí. Ilé màígídá ló ń wọ̀ sí, ìyẹn baálé tó ń gba àlejò sílé, tó ń bá a wá ọjà, tó sì ń dúró fún un lọ́dọ̀ àwọn olùtajà. Ilé màígídá àti àgọ́ àwọn alágbàṣe oko ni ilé ìgbàlejò tó ṣáájú òtẹ́ẹ̀lì ní agbègbè yìí, ohun tó sì jẹ́ ìṣòro òtẹ́ẹ̀lì lónìí ti wà nínú wọn: ẹni kan ń jí kúrò lórí ẹní kí ẹlòmíràn tó dùbúlẹ̀ sí i, ẹrù tó sùn ní ìlú márùn-ún lójú ọ̀nà sì ń wà ní ìgbèrí gbogbo wọn.

Wolé-wolé àti ìyẹ̀fun funfun

Ìjọba amúnisìn kò fi bẹ́ẹ̀ ka ìdun sí ọ̀tá, nítorí pé ẹ̀fọn àti eku ló ń ṣekú pani. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eégbọn ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé, wọ́n sì dá àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928 láti tún àwọn àdúgbò tó há gádígádí ṣe. Àwọn tí ará ìlú mọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni àwọn wolé-wolé, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń wọ ilé onílé láti yẹ ìkòkò omi, àkìtàn, ṣáláńgá àti yàrá wò. Bí wọ́n bá rí tanwíji, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn, nínú omi ẹnì kan, onítọ̀hún lè dé ilé ẹjọ́ kí ó sì san owó ìtanràn.

Iṣẹ́ wolé-wolé gba ẹ̀mí là, kò sì yẹ kí a fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ tó ṣe ìpalára fún ọ̀rọ̀ ìdun: ó kọ́ àwọn ènìyàn pé kòkòrò tí aláṣẹ bá rí nílé ẹni ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹni tó bá ní in, ọ̀lẹ àti ọ̀bùn ni. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà fi ìmọ́tótó kọ́ ọmọ bí ìwà, wọ́n sì ṣe dáadáa, àmọ́ kò sí ẹni tó kọ́ ọmọ pé ìdun lè bá ẹni tó mọ́ dé inú yàrá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ìdun bá wọ ilé rẹ̀ fi ń dákẹ́, tí ó sì ń dá bá a jà lóru, títí yóò fi wọ yàrá kejì àti ìkẹta.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni oògùn tuntun dé, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pè ní DDT. Paul Hermann Müller, onímọ̀ kẹ́míkà ará Switzerland, ṣàwárí agbára DDT lórí kòkòrò ní 1939, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1948. Ohun tó mú kí DDT yàtọ̀ ni pé kò pọn dandan kí ó ba kòkòrò lójú ẹsẹ̀: bí wọ́n bá fín in sára ògiri, ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ìdun tó bá sì jáde nínú lélà tó rìn kọjá lórí rẹ̀ yóò kú. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìdun run ní ilé ìtura àti ilé gbígbé. Síbẹ̀, ní 1947 ni wọ́n ti rí ìdun tí DDT kò pa mọ́ ní Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdun, ìwọ̀nba tí oògùn kò ràn máa ń yè, àwọn ló sì ń bí ìran tó tẹ̀ lé e, tí oògùn yóò fi di omi lásán lójú gbogbo wọn.

Agbègbè tó yí Agége ká náà rí àsìkò oògùn yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti ibà, tí Leonard Bruce-Chwatt jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Yábàá, ṣe ìdánwò ńlá kan ní Ìlaròó, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Agége, níbi tí wọ́n ti ń fín oògùn BHC sínú ilé láti pa ẹ̀fọn. Irú oògùn yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ̀ sí Gammalin 20, tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara kòkó. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àgbáyé tí wọ́n ti fín irú oògùn bẹ́ẹ̀ sínú ilé, inú àwọn onílé kọ́kọ́ ń dùn nítorí pé ìdun kú mọ́ ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ìdun kò kú mọ́, tí oògùn kàn ń lé e jáde sí ìta gbangba, àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn afinoògùn. Ìdun tí àwọn onímọ̀ kò kà sí àrùn wá di ohun tó lè ba iṣẹ́ ibà jẹ́.

Ọgbà ilé-iṣẹ́ àti yàrá àyágbé

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Ìkẹjà wà lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nítorí pé ó bọ́ sí ẹ̀yìn ààlà Èkó tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣàkóso. Ìjọba ẹkùn náà la ilẹ̀ ibẹ̀, ó gbé iná, omi àti títì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì pe àwọn oníléeṣẹ́ láti òkè òkun àti nílé. Òpópónà tó di ọ̀pá ẹ̀yìn ọgbà náà ni wọ́n fi orúkọ Ọba Claudius Akran ti Àgbádárìgì pè, ẹni tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba ẹkùn náà. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962, Cadbury kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Agídíngbì, Nigerian Textile Mills sì ń hun aṣọ ní Òpópónà Ọba Akran. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1967, ọgbà yìí bọ́ sínú rẹ̀, Ìkẹjà sì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà ní 1976.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà kì í gbé inú rẹ̀. Agége, Mùṣin àti Òṣòdì ni wọ́n ń yá yàrá sí. Adrian Peace, onímọ̀ nípa àwùjọ tó ṣèwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà tó ń gbé ní Agége, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1979, fi hàn bí àwọn aṣíkiri wọ̀nyí ṣe ń gbé ayé ayálégbé lábẹ́ àwọn onílé àti oníṣòwò ìlú, títí dé ìgbà ìyanṣẹ́lódì tó gba ọgbà náà kan ní 1971 lórí owó àfikún tí ìgbìmọ̀ ìjọba tí Adébọ̀ ṣe olórí rẹ̀ ní kí wọ́n san. Ilé tí wọ́n ń gbé jẹ́ ilé gígùn tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ là láàárín, tí yàrá dojú kọ yàrá, èyí tí gbogbo Èkó mọ̀ sí fésì-mi-n-fésì-ẹ. Ìdílé kan sí yàrá kan ni, ṣùgbọ́n àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé wá wáṣẹ́ lè bá wọn tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìn kọ́tìnnì fún oṣù púpọ̀. Níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá ti jọ yá yàrá, tí ilé-iṣẹ́ sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ẹni tó ń ti ṣíìfù òru bọ̀ lè dùbúlẹ̀ sí ibi tí ẹni tó ń lọ sí ṣíìfù àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá méjì, ihò wáyà iná àti àjà ilé sì so gbogbo wọn pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdun ṣe ń ti yàrá kan dé òmíràn láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Àsìkò yìí kan náà ni ibùsùn fúnra rẹ̀ yí padà, ọgbà Ìkẹjà sì wà lára ibi tí ìyípadà náà ti jáde. Mátíráàsì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi koríko gbígbẹ tàbí òwú àràbà kì, tó máa ń dì pọ̀, tí ó sì ní ojú rírán púpọ̀. Ní 1962 ni wọ́n dá Vitafoam sílẹ̀ ní Òpópónà Ọba Akran, Mouka náà sì ṣe fóòmù ní ọgbà yìí kan náà, títí tí fóòmù fi di ohun tí iyàwó tuntun, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń lọ gbé ní bọ́dìn àti onílé ìtura jọ ń rà. Fóòmù fúyẹ́, ó rọrùn láti gbé síta, ìdun kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ara rẹ̀ lọ bí ó ti ń wọ inú koríko. Ṣùgbọ́n aṣọ tó bò ó ní ojú rírán, ọ̀já etí àti síìpù, abẹ́ rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ lórí pákó ibùsùn tí káfíńtà kàn pẹ̀lú ìṣó àti ìsopọ̀. Ìdun wá kó kúrò nínú ikùn mátíráàsì lọ sí etí rẹ̀ àti sí inú pákó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ń sá fóòmù nìkan sí oòrùn, tí ó fi pákó sílẹ̀ nínú yàrá, ń ṣe ìdajì iṣẹ́.

Oòrùn náà ní ìwọ̀n. Ooru tó bá tó 50 °C máa ń pa ìdun àti ẹyin rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n fóòmù kì í jẹ́ kí ooru kọjá, apá tó kọjú sí oòrùn lè gbóná janjan nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, ìdun á sì rìn lọ síbi òjìji. Àwọn ìyá àgbà tó ń dúró ti fóòmù, tí wọ́n ń yí i padà, tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá ojú rírán rẹ̀, tí wọ́n sì ń da omi híhó sí etí rẹ̀ àti sí pákó, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn bẹ̀rẹ̀ ìgbógunti ìwà àìníjàánu ní 1984, tí ìmọ́tótó àyíká sì wá di ọ̀ranyàn ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, àárọ̀ ọjọ́ náà di àkókò tí ọ̀pọ̀ ilé ní Agége ráyè gbé ibùsùn síta lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó dára ju kí yàrá kan ṣoṣo máa dá a ṣe lọ.

Ilé ìtura àti ọgbọ́n àlejò

Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, òun ló sì sọ ìlú yìí di ìlú ilé ìtura. Lagos Airport Hotel, tó wà lójú Ọ̀nà Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ilé-iṣẹ́ Odùà Investment ní, wà lára àwọn tó pẹ́ jù lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ibùdókọ̀ òfuurufú tuntun tí wọ́n fi orúkọ Murtala Muhammed pè ṣí ní 1979, àlejò pọ̀ sí i, Sheraton sì ṣí sí Ọ̀nà Mobọ́lájí Bank Anthony ní 1985. Láàárín àwọn ilé ńlá wọ̀nyí ni àìmọye ilé ìtura kéékèèké ti yọ ní Òpèbí, Allen, Tóyìn àti lẹ́bàá ọ̀nà mọ́tò Agége, àwọn mìíràn sì ń yá yàrá fún wákàtí díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lóòjọ́ kan.

Ìdun kì í ka ìràwọ̀ ilé ìtura. Ilé olówó ńlá ń gba àlejò láti ìlú púpọ̀ lágbàáyé, àpótí ẹrù wọn sì lè gbé ìdun wá láti ibikíbi. Ilé olówó pọ́ọ́kú ń pààrọ̀ àlejò kíákíá, kò sì ní owó láti ti yàrá pa fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n lè ṣe é dáadáa. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń tún ibùsùn ṣe. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ń ká aṣọ ibùsùn kúrò, òun ló lè rí kíńkín dúdú ní igun mátíráàsì nígbà tí ìdun kò tíì ju márùn-ún lọ. Bí ó bá mọ̀ pé wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó bá sọ, ilé náà yóò tètè yọ nínú ewu, ṣùgbọ́n bí ó bá mọ̀ pé wọn yóò ní kò tọ́jú yàrá dáadáa, tí wọn yóò sì gé owó rẹ̀, yóò tẹ́ aṣọ tuntun sí i, yóò sì jáde. Ìpalọ́lọ́ tí owó ìtanràn wolé-wolé dá sílẹ̀ nínú ilé gbígbé kò yàtọ̀ sí èyí tí ìbẹ̀rù ọ̀gá ń dá sílẹ̀ nínú ilé ìtura.

Àlejò náà ní ojúṣe tirẹ̀, kò sì le. Kí ó tó tú ẹrù rẹ̀, kí ó gbé àpótí sí orí táìlì balùwẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ dán, ó sì jìnnà sí ibùsùn. Kí ó tan iná fóònù, kí ó ká aṣọ ibùsùn kúrò ní igun méjèèjì ìgbèrí, kí ó sì fi ìka tẹ ojú rírán mátíráàsì sẹ́yìn kí ó lè rí inú rẹ̀. Kí ó wo abẹ́ mátíráàsì níbi tí ó ti kan pákó, lẹ́yìn náà kí ó wo ẹ̀yìn pátákó ìgbèrí, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti kàn án mọ́ ògiri, nítorí pé ibẹ̀ kì í ṣí fún ọwọ́ olùtọ́jú yàrá, ìdun sì fẹ́ràn ibi tó sún mọ́ orí ẹni tó sùn. Bí ó bá rí àmì, kí ó pe àwọn onílé, kí ó sì gba yàrá tí kò bá èyí tó ní ìdun pín ògiri, nítorí pé yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ìdun kọ́kọ́ ń wọ̀. Nígbà tí ó bá padà délé, kí aṣọ tó wọ̀ lọ má ṣe kọjá sórí ibùsùn: kí ó fọ̀ ọ́ nínú omi tó gbóná tó 60 °C, tàbí kí ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ dáadáa, ní pàtàkì ní ojú rírán rẹ̀.

Májèlé inú ìgò kékeré

Nígbà tí DDT àti BHC kúrò lọ́jà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, oògùn tí wọ́n ń fín láti inú agolo, bí Shelltox, gba ipò wọn nínú ilé tó lówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ilé tí kò lówó rẹ̀, oògùn tí wọ́n ń kiri lójú pópó ní ìgò kékeré, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọ̀tapíàpíà, ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, kẹ́míkà tó sì wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni dichlorvos, èyí tí wọ́n tún ń tà lábẹ́ orúkọ Sniper. Dichlorvos ń pa kòkòrò nípa dída iṣẹ́ iṣan rẹ̀ rú, iṣan ènìyàn náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fífín in sórí ibùsùn tí ọmọ yóò sùn sí lálẹ́ ọjọ́ kan náà, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré, ewu ńlá ni. Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn kan ti fi í gba ẹ̀mí ara wọn, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbé ìgbésẹ̀ ní 2019 láti fòfin de títà á ní ìgò kékeré fún ará ìlú.

Yàtọ̀ sí ewu rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìdun kò tó nǹkan. Ìdun tó wà níta á kú, onílé á gbá òkú rẹ̀, á sì sinmi, ṣùgbọ́n ẹyin tó wà nínú lélà kò ní nǹkan kan tí ó ṣe é, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti pa. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Iṣẹ́ tí kò bá dé orí ẹyin, tí a kò sì tún ṣe lẹ́yìn tí ẹyin bá ti pa, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìpadàbọ̀ ìdun àti ojúṣe ìlú

Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni ìdun ti padà sí àwọn ìlú tó rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2010, ó wọ ilé ìtajà aṣọ àti ilé sinimá ní New York, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá 2023, ìbẹ̀rù rẹ̀ gba Paris kan tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ilẹ̀ Faransé fi pe ìpàdé lórí rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ kà sí ìdí rẹ̀ ni pé ìrìnàjò pọ̀ sí i, pé àwọn ènìyàn ń ra àlòkù ohun èlò ilé, àti pé oògùn tí wọ́n ń lò kò ran ọ̀pọ̀ ìdun mọ́. Gbogbo ìdí yìí ló wà ní Ìkẹjà àti Agége. Yorùbá tó ń gbé ní Peckham ní London ń gba pápákọ̀ Ìkẹjà wọlé, wọ́n sì ń gbà á padà. Àlòkù aṣọ láti òkè òkun kún ọjà Kàtángúà ní Abúlé Ẹ̀gbá. Àga àti ibùsùn tòkunbọ̀ sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ìlú kan ló ń kó ìdun ran èkejì.

Ní ti òfin, ọ̀nà ti là. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ìjọba àpapọ̀ àti Ìpínlẹ̀ Èkó pé àṣẹ fífún ilé ìtura ní ìwé àṣẹ àti mímójútó o wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Agbára tó wà lọ́wọ́ Èkó yìí lè kọjá gbígba owó orí lọ́wọ́ onílé ìtura. Ó lè sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n máa yẹ ibùsùn wò ní àkókò tó mọ níwọ̀n, pé kí ìṣàtúnṣe kan yàrá tí wọ́n ti rí ìdun àti gbogbo yàrá tó yí i ká, pé kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ẹyin bá ti pa, àti pé kí onílé ìtura má ṣe fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ sọ ohun tí ó rí. Bákan náà ló yẹ kí ó rí fún onílé tó ń yá yàrá fún òṣìṣẹ́ ní Agége, ẹni tó ń gba owó yàrá mẹ́wàá tàbí mẹ́rìnlá tó pín ògiri, tí kò sì yẹ kí ó fi ìjà ìdun sílẹ̀ fún ayálégbé kan ṣoṣo.

Àwọn alágbàṣe oko obì, àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ àti àwọn arìnrìn-àjò òde òní ti fi ìrírí wọn fi hàn pé kò sí oògùn kan tó lè ṣe iṣẹ́ yìí fún àwùjọ tó bá ń dákẹ́. Ẹní tí wọ́n ń gbọ̀n ní òwúrọ̀, omi híhó tí wọ́n ń dà sínú lélà pákó, ibùsùn tí gbogbo ilé jọ gbé síta ní ọjọ́ kan náà, ohun tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni pé a ṣe é ní gbangba, pẹ̀lú ìmọ̀ gbogbo ará ilé. Ilé ìtura àti ilé àyágbé tó bá fẹ́ kí àlejò rẹ̀ sùn dáadáa ní láti mú àṣà gbangba yẹn padà wá, kí ẹni tó rí ìdun lè sọ ọ́ láìfòyà, kí ẹni tó gbọ́ sì dìde sí i lọ́jọ́ náà gan-an.